Ojú Ìyá Mi àti Gíà Àbíjàn

Ọjọ́ tí gíà ọkọ̀ mi kú, Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni mo ti ń bọ̀. Iṣu mẹ́jọ wà nínú bùútù. Gbogbo gíláàsì ọkọ̀ wà ní títì kí àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lè mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù mi ń ṣiṣẹ́, mo sì ń kọrin. Àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tẹ iná sí i, ariwo pọ̀ sí i, ọkọ̀ sì dúró. Mo fa ọwọ́ gíà síwájú, mo fà á sẹ́yìn, mo pa ọkọ̀, mo tún un tan, mo gbàdúrà. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, kò sì sún kúrò lójú kan.

Ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin méjì àti àpò ẹ̀gẹ́ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?"

"Mo kàn ń sinmi ni."

Ó wo oòrùn, ó wo òógùn tó ń já bọ́ lágbọ̀n mi, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo sì ń kọ́ ní Èjìgbò. Ohun tí ìwé kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n má ṣe jẹ́ kí ọlọ́kadà mọ̀ pé nǹkan kan wà tí mi ò mọ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan ló fi okùn fà mí wọ ìlú. Mo di sìtíárì mú, mo gbójú sókè, mo ṣe bí ẹni pé èmi ni mò ń lé ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà lọ.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi wà lójú ọ̀nà Màsífà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ, ó máa ń kírun lákòókò, kì í sì í sọ̀rọ̀ jù. Ó fa irin tí wọ́n fi ń yẹ ọ́ìlì gíà wò jáde, ó fi ìka méjì pa ọ́ìlì tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e símú. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bíi sóbò ti dúdú, ó ń rùn bí àkàrà tó jóná.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìnnà lilláhì wa ìnnà ilaehi rájíúùn."

Mo yára bi í pé ta ló kú.

Ó ní, "Gíà yín ni, Tíṣà."

Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ǹ bá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé, kí n sì sọ fáwọn èèyàn pé dókítà ló ní kí n máa rìn. Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Òjìji nǹkan nìkan ni wọ́n ń rí: wọ́n máa ń kí ìkòkò omi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ẹ káàárọ̀, bí ìkòkò kò bá sì dáhùn, wọ́n á ní àwọn èèyàn ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo ti fún wa lọ́jọ́: Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Bí a kò bá dé lọ́jọ́ náà, ó di oṣù mẹ́ta kí dókítà ojú tó tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá mi sì ti là á mọ́lẹ̀.

"Èmi ò ní wọ ọkọ̀ èrò lọ gba ojú mi. Mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù pé ọkọ̀ ọmọ mi la ó gbé lọ. Ọkọ̀ tó ń pa gíà ara rẹ̀ dà."

Èmi ni mo kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn. Nígbà tí mo ra ọkọ̀ náà, ojú wọn ti ṣú, ẹnu ni mo fi ya àwòrán rẹ̀ fún wọn. Mo sì lawọ́ nínú àwòrán náà. Mo ní ó dúdú mìnìjọ̀ bí aró tuntun, mo ní ara rẹ̀ ń dán, mo sì fa ọwọ́ wọn lọ sórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí kò ní ìpalára kí wọ́n fi fọwọ́ kàn án. Ohun tí mi ò sọ fún wọn, tí mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ni ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ onígíà ọ́tò, èyí tí ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ kì í níṣẹ́ kankan nínú rẹ̀. Mo máa ń ní ọ̀làjú ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò lè wa mánúwà.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí."

"Ẹ sọ kí ni kalẹ̀?"

"Òkú. Òkú gíà ló mọ ẹni tó máa rọ́pò òun. A ó dì í sínú àpò, a ó gbé e lọ sọ́jà, a ó tẹ́ ẹ ti àwọn alààyè. Èyí tó bá jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ la máa gbé bọ̀."

"Kí n máa gbé òkú kiri ọjà Ìbàdàn?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, Tíṣà."

"Ìdí tí ẹ fi ń ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ìwé ni wọ́n fi ń ra gíà láyé ìsinsìnyí."

Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fi irin pẹlẹbẹ kan hàn án, èyí tí wọ́n ti kàn mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn láti ìlú tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún orí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ irú gíà tó wà nínú ọkọ̀. Mo ka nọ́ńbà náà sókè fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó mi orí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀."

Mi ò gbà. Mo ní kó má fọwọ́ kan án títí gíà mìíràn yóò fi dé. Ohun tí mo rò ni pé àwọn obìnrin àsàlátù máa ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Ọkọ̀ tó kàn dúró lábẹ́ igi, èèyàn lè ní ó wá gba atẹ́gùn. Èyí tí wọ́n bá tú nǹkan inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ti ròyìn rẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìyá mi.

Mo jókòó ti fóònù mi ní odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i kà pé oríṣi gíà méjì ló máa ń wà nínú irú ọkọ̀ mi. Ti àtijọ́ ní kéèbù kan, okùn irin tó ti ara ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà láti sọ fún un bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó. Wáyà rẹ̀ kò pọ̀. Ti tuntun kò ní kéèbù rárá. Wáyà ló fi ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, pulọ́ọ̀gì ibi tí àwọn wáyà náà ń wọ̀ sì tóbi tó ọsàn wẹ́wẹ́. Ní ti ìdúró àti ìtóbi, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Irin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sọ pé ti tuntun ni tèmi. Inú mi dùn, kò sì yà mí lẹ́nu. Ojú mi kò jọ ti ẹni tí yóò máa gbé ti àtijọ́ kiri.

Mo fa ìlà sórí ìwé fúlúsíkáàpù, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: oríṣi gíà, iye wáyà, kéèbù, irú ọ́ìlì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń ta gíà tòkunbọ̀.

Ti Ìbàdàn gbọ́ gbogbo àlàyé mi láìjálu mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ gbé òkú wá, ọ̀gá mi." Mo pa fóònù. Ti Òṣogbo ní tòun kò ní wàhálà, gíà òun kan ṣoṣo ń wọ gbogbo ọkọ̀.

Mo ní, "Wáyà mélòó ló ní?"

Ó ní, "Mélòó lẹ fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbọ́ níbi tí mo ti ń pariwo lórí fóònù, ni wọ́n bá wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n lò ní Àbíjàn. Nígbà tí wọ́n padà dé Èjìgbò, wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta dání, àti ìgbàgbọ́ pé ohunkóhun tí kò bá ti gbọ́ Faransé, kò tíì dàgbà.

"O ń wá gíà ní Òṣogbo," ni wọ́n wí. Ohùn wọn bà mí nínú jẹ́. "O ń wá gíà ní Òṣogbo, ẹ̀jẹ̀ rẹ sì wà ní Àbíjàn."

"Bàbá mi, ẹ má bínú, mo kàn ń wádìí ni."

"Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní kásì!"

Kásì ni ibi tí wọ́n ti ń tú òkú ọkọ̀ tà lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ rí nínú ìdílé wa tí wọn kò mẹ́nu bà á níbẹ̀. Ní Èjìgbò, ẹni tó ní ìbátan ní Àbíjàn tó wá lọ ra nǹkan ní Ìbàdàn, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ìbátan náà kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí ìbátan bá sì fi ránṣẹ́, a kì í dá a padà. Bí bàtà Àbíjàn kò bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ló jẹ̀bi.

Wọ́n pe ọmọ wọn lójú mi, wọ́n gbé fóònù síwájú mi, mo sì rí i tó dúró láàárín àwọn irin tó ga tó ilé. Ó fi gíà kan hàn mí. Mo ní kó ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi. Ó kà á. Mo wo fúlúsíkáàpù mi: nọ́ńbà kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Voilà," ìyẹn ni pé òun náà nìyẹn lédè Faransé.

Èmi náà ní, "Voilà." Ẹnu ara mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Bọ́ọ̀sì tó ń ti Àbíjàn bọ̀ kì í pẹ́, bí ẹnubodè bá gbà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnubodè kò gbà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì ń lọ. Ìyá mi á bi mí láràárọ̀ pé, "Ọkọ̀ ń kọ́?" Mo á ní wọ́n ń tún un ṣe kó lè máa sáré dáadáa. Wọ́n á ní kí wọ́n má jẹ́ kó sáré jù o. Mo á ní kò ní sáré jù. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Gíà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ ku ọ̀túnla. Wọ́n fi ankará tuntun wé e bí ọmọ ìkókó, ó sì ń rùn bíi gàrí Àbíjàn tí wọ́n kó tì í nínú bọ́ọ̀sì. Mo rò pé a ó kàn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó ti o, ẹrù kì í ti ọ̀nà jíjìn dé kí a má kí i káàbọ̀. Wọ́n gbé e sórí ẹní lágbàlá. Wọ́n pe ááfà àdúgbò. Àwọn ará ilé yí i ká, wọ́n ń kí wa kú oríire, àwọn obìnrin méjì sì fọwọ́ kan ankará náà, wọ́n bèèrè ibi tí a ti rí i rà. Ááfà gbàdúrà kí gíà má kú lọ́nà, kí ó má ṣe rí ìjàm̀bá, kí ó ṣe olówó rẹ̀ lóore. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àṣejù. Ṣùgbọ́n àmín mi ló rinlẹ̀ jù níbẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mẹkáníìkì sọ òkú kalẹ̀ níkẹyìn. Ó tẹ́ àpò sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé òkú sí apá kan, ó gbé ti Àbíjàn sí apá kejì. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ó yí wọn ká. Ó tún dúró.

"Tíṣà, ẹ wá wò ó."

Mo wá pẹ̀lú fúlúsíkáàpù mi.

"Ẹ wo ti ọkọ̀ yín. Kéèbù ló ń lò. Èyí tí ẹ rà kò ní ibi tí kéèbù máa gbà wọlé. Ẹ tún wo wáyà ara ọkọ̀ níbí: ẹnì kan ti gé e, ó sì fi ọ̀rá so ó. Wọ́n ti pààrọ̀ gíà ọkọ̀ yìí rí, kí ẹ tó rà á."

Mo ní, "Nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn..."

"Nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn, ìyàwó àkọ́fẹ́ ló ń sọ. Kò mọ̀ pé ìyẹn ti kó jáde, tí òmíràn sì ti wọlé."

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, a ṣì ráyè: ọjà Ìbàdàn kò tíì tú. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fa fúlúsíkáàpù sí ìlà mẹ́rin kó tún dákẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé gíà tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kò tọ́, a jẹ́ pé èyí tó dé yìí ni ojúlówó, ilé rẹ̀ ló padà sí. Wáyà tí wọ́n gé, kí wọ́n tún un so. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. Mẹkáníìkì wò mí pẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀," ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Gíà náà wọlé. Gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ihò mu, mo sì ń rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká bí ẹni tí wọ́n dá láre. Lẹ́yìn náà ni rewáyà dé, ẹni tó ń so wáyà ọkọ̀. Ó so wọ́n títí oòrùn fi ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra wọn wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé gíà Faransé ni wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ yẹn.

Mo wọ ọkọ̀. Mo tan án. Mo fi ọwọ́ gíà sí D, mo tẹ iná. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó mí kanlẹ̀, ó sún ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin bí arúgbó tó ń gun òkè, ó dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá fi sí R láti kúrò lójú ọ̀nà. Háà! Ọkọ̀ fò sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí mi ò rí rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Bẹ́ńṣì ló dá a dúró. Ìṣẹ́jú kan ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde láti lọ ṣe àlùwàlá.

Ìròyìn ti dé ilé kí n tó dé. Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọjú sí ìkòkò omi.

"Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ ti ń lọ."

"Díẹ̀ ló kù, Ìyá."

"Wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń lọ."

"Ó máa ń... bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n ronú sí i díẹ̀. "Ṣé ẹ̀yìn ni Òṣogbo wà ni?"

Mo jókòó tì wọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká wọ ọkọ̀ èrò. Wọ́n fa ìborùn wọn bò, wọ́n ní oṣù mẹ́ta kò pọ̀, àwọn ti fara mọ́ òkùnkùn tẹ́lẹ̀. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá sùn lóru yẹn.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ kan níta bí ẹni tó ń da ìkòkò irin sílẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Mẹkáníìkì ni. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló gbé wá, mánúwà àgbà kan tí okùn ló di bùútù rẹ̀ mú, tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Ó ti wọ jálàbíà funfun.

Ó ní, "Ẹ sọ fún Ìyá pé ọkọ̀ dé. Ẹ wà á lọ, èmi á padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà. Mo wo àwọn ohun ìtẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀.

"Ọ̀gá, mi ò lè wa mánúwà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fa kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn. "Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá ni mo ti mọ̀. Ẹsẹ̀ òsì yín kì í mọ ibi tó máa wà. Ẹ lọ mú Ìyá wá."

Ìyá mi fọwọ́ kan ara ọkọ̀ náà, wọ́n bèèrè ẹni tó ni ín. Mo ṣí ẹnu láti purọ́ kan, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ti dáhùn. "Tèmi ni, Ìyá. Kò rẹwà o, ṣùgbọ́n iwájú ló ń lọ."

"Ìyẹn náà ni mo fẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé síwájú bí ẹni pé àwọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ọkọ̀ ọmọ àwọn rí. Èmi wọ ẹ̀yìn, mo fi orúnkún kan ẹnu. Wọ́n bá ara wọn tàkúrọ̀sọ títí a fi dé Òṣogbo. Mo gbọ́ níbẹ̀ pé wọ́n ti mọ bàbá rẹ̀, pé wọ́n ta aṣọ fún ìyá rẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí gíà, á fà á wálẹ̀, ọkọ̀ á gbọ́ràn. Ìyá mi ní, "Ṣé ìwọ lò ń pa á dà fúnra rẹ?" Ó ní, "Èmi ni, Ìyá." Wọ́n ní, "Ó dùn ún gbọ́."

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́. A sùn sí ilé mọ̀lẹ́bí kan, àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n sì ṣí ojú náà. Ìyá mi wo nọ́ọ̀sì. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

"O ti hu ewú."

Mo ní, "Ó ti pẹ́, Ìyá."

"O ò sọ fún mi." Wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wo ohun tó fẹ́ rà. Mẹkáníìkì jáde lọ wo ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí kò nílò wíwò.

Nígbà tí a ń padà, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá rí: ewúrẹ́ mẹ́rin, ilé olókè, ọkùnrin tó sanra. A yà sí ṣọ́ọ̀bù kí mẹkáníìkì lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó sì lọ kí Jímọ̀. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wò yíká.

"Ọkọ̀ ta ni wọ́n pa tì síbẹ̀ yẹn?"

Mẹkáníìkì wo òkè, ó ń wá máńgòrò.

Mo ní, "Tèmi ni, Ìyá."

Wọ́n wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọn kò fojú fo ibì kankan: ilẹ̀kùn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, iná iwájú tí mo fi téèpù lẹ̀, ìdí rẹ̀ tí bẹ́ńṣì ti wọ̀. Wọ́n ní, "O ní ó dúdú bí aró."

"Ó dúdú nígbà náà."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

Rewáyà àti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti padà tú gíà Àbíjàn kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí mo ti fi fóònù sọ fún un pé kó tún wáyà so láti ìbẹ̀rẹ̀. Gíà méjèèjì tún wà lórí àpò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá mi pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé nọ́ńbà wọn bára mu, pé wáyà díẹ̀ ló kù. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ojú kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là wò wọ́n. Kò tó ìgbà tí èèyàn fi lè ka Fátíhà tán.

"Èyí ní ìdodo," ni wọ́n wí, wọ́n na ìka sí ibi tí kéèbù ń gbà wọ inú òkú. "Èyí kò ní. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ẹsẹ̀ aṣọ wọn. "Ìwọ tí ojú rẹ kò dùn ọ́, kí lò ń wò látijọ́ yìí?"

Mo ká fúlúsíkáàpù mi. Mo fi sápò.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo di òkú náà sínú àpò, mo sì wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn. Awakọ̀ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ níwájú ọkùnrin tí mo ti pa fóònù mọ́ lẹ́nu, ó ṣí ẹnu àpò wò, ó wọ inú ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ó sì gbé èkejì rẹ̀ jáde kí n tó mu omi tán. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè mí nípa wáyà?" Mo ní àbúrò mi ni.

Ọkọ̀ mi ń lọ síwájú báyìí. Gíà Àbíjàn, a kò dá a padà, kò sí bí a ṣe lè dá a padà. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ankará rẹ̀, ìyá mi sì ti gbé ìkòkò omi kà á lórí. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ní, "Gíà yẹn ń kọ́?" mo á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá mi."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, tó kan ojú òsì, mo ti fọ ọkọ̀ mi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti ra téèpù tuntun fún iná iwájú. Àárọ̀, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè tutù. Ìyá mi jáde, wọ́n ti múra. Wọ́n wo ọkọ̀ náà, wọ́n sì jókòó sórí àpótí.

"Ọkọ̀ tó mú ojú kan wá fún mi," ni wọ́n wí, "òun náà ni kó lọ mú èkejì wá. Pe ọmọ mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo pè é. A gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo pa ẹ̀rọ amúlétutù mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ wọ ẹ̀yìn.